Ológeere Gba Ìpín Tirẹ̀ Lójú Pópó London

Bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ bá lù lọ́jọ́ iṣẹ́, tí ènìyàn sì dúró ní ìhà gúúsù afárá Blackfriars, tí ó kọjú sí odò Thames, ohun tí yóò kọ́kọ́ bá etí rẹ̀ pàdé kì í ṣe fèrè mọ́tò, bí kò ṣe ìró ṣéènì tí ń yí lórí eyín irin, àti agogo kéékèèké tí ń dún kín-ín, kín-ín, nítorí pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń tú jáde láti ọ̀nà Elephant and Castle bí ìjàlọ, wọn kò yà sọ́tùn-ún, wọn kò yà sósì.

Ọkùnrin tí ó wọ kóòtù tí ó de táì wà níbẹ̀. Obìnrin tí ó gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpótí iwájú kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀. Àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tí ó fi okùn di ẹnu ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, òun náà kò gbẹ́yìn. Iná pupa tàn, gbogbo wọn fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, lódìkejì òkúta tí kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì àti takisí dúdú tò lọ rẹrẹẹrẹ. Láìpẹ́, iná kékeré kan tí wọ́n gbé kọ́ ní ìwọ̀n ojú ẹni tí ó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ di àwọ̀ ewé. Ọ̀wọ́ náà ṣí, ó di orí afárá. Takisí ṣì dúró. Awakọ̀ rẹ̀ fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀, ó pòṣé.

Nínú ìdúró díẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹjọ́ tí àwọn ará London ti ń bá ara wọn rò láti ọ̀pọ̀ ọdún wá wà. Awakọ̀ ní ilẹ̀ òun ni wọ́n gbà. Oníkẹ̀kẹ́ ní ẹ̀mí òun ni wọ́n gbà là. Àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Àwọn baba wa wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà kò tíì dé títì Southwark ní àkókò tí àwọn ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́.

Orúkọ tí ó ju ẹni tí ń jẹ́ ẹ lọ

Ní oṣù keje ọdún 2010, nígbà tí Boris Johnson jẹ́ olórí ìlú London, ni wọ́n ṣí méjì àkọ́kọ́ nínú àwọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fún ní orúkọ ńlá, Cycle Superhighway. Ọ̀kan ti Barking wá láti ìhà ìlà-oòrùn, èkejì ti Merton wá láti gúúsù. Níbi púpọ̀ lójú ọ̀nà wọ̀nyí, kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ṣe ju pé wọ́n fi ọ̀dà búlúù kun etí títì: bọ́ọ̀sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ń gorí rẹ̀, ẹni tí ó sì fẹ́ sáré ra sìgá a gbé mọ́tò rẹ̀ lé e lórí bí ẹni pé tìtorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe kùn ún.

Ìbá dùn láti fi ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ kí a sì kọjá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bá a lọ. Ní ọdún 2011, oníkẹ̀kẹ́ méjì kú ní oríta Bow, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà aláwọ̀ búlúù náà ti pàdé títì ńlá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, oníkẹ̀kẹ́ mẹ́fà ni ọkọ̀ pa káàkiri ìlú London. Ní ọdún náà gan-an ni adájọ́ tí ń ṣèwádìí ikú òjijì kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn aláṣẹ ìrìnnà ìlú náà nípa ewu tí ó wà nínú ọ̀dà búlúù wọn.

Kí ni ó ṣe ọ̀dà? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ni ọkọ̀ ń rìn, apá òsì náà ni wọ́n sì kun ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí. Bí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá fẹ́ yà sósì ní oríta, oníkẹ̀kẹ́ tí ó fẹ́ lọ tààrà yóò wà lábẹ́ ìhà rẹ̀ gẹ́lẹ́, níbi tí awakọ̀, tí ó jókòó lókè réré, kò lè rí i nínú dígí. Ní àwọn ọdún náà, àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìrìn ọkọ̀ ní London, síbẹ̀ ọwọ́ wọn ni ó wà nínú ohun tí ó ju ìdajì ikú àwọn oníkẹ̀kẹ́ ìlú náà lọ. Ìlà tí a kùn ń sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé àyè rẹ nìyí. Kò sọ fún tírélà. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ: awakọ̀ ń rojọ́ pé wọ́n ti gba títì lọ́wọ́ òun, oníkẹ̀kẹ́ kò sì rí ààbò tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á.

Òkúta dé etí odò

Ikú ti Bow àti ariwo tí ó tẹ̀lé e ni ó kọ́kọ́ yí ọkàn àwọn aláṣẹ padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, Johnson ṣèlérí pé òun yóò ná mílíọ̀nù 913 pọ́n-ùn lórí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ láàárín ọdún mẹ́wàá, láti inú ètò náà sì ni ọ̀nà méjì tí òkúta yóò là kúrò lára mọ́tò ti jáde: ọ̀kan láti àríwá sí gúúsù, tí yóò gba orí afárá Blackfriars, èkejì láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, tí yóò gba Victoria Embankment, títì olókìkí tí Joseph Bazalgette mọ sí etí odò Thames ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún.

Ọ̀rọ̀ wáá di ràbàràbà. Ẹgbẹ́ àwọn onítakisí gbé àwọn aláṣẹ ìrìnnà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, ilé ẹjọ́ sì da ẹjọ́ náà nù ní ọdún 2016. Nigel Lawson, tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìṣúná rí, dìde ní Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Olóyè ní ọdún 2015, ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí ó ba London jẹ́ tó ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí láti ìgbà tí àwọn ará Jámánì ti ju àdó olóró lé e lórí. Ẹni tí ó bá ti rí àwòrán London ní ọdún 1940 rí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà náà ti kọjá bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ni inú ń bí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, nígbà tí Johnson ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti fi ipò sílẹ̀ fún Sadiq Khan, wọ́n ṣí ọ̀nà etí odò náà. Kí ọdún náà tó parí, àwọn aláṣẹ ìrìnnà ti ka iye ènìyàn tí ń gba ibẹ̀ kọjá ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù: ní orí afárá Blackfriars àti ní Embankment, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí kò gbà ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àyè títì lọ ni ó ń gbé ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn tí ń kọjá. Ènìyàn ni wọ́n kà níbẹ̀, wọn kò ka ọkọ̀, nínú ìyàtọ̀ yìí sì ni gbogbo àríyànjiyàn náà wà. Mọ́tò tí ó gbé ẹnì kan ṣoṣo ń gba àyè tí oníkẹ̀kẹ́ bíi mélòó kan lè gbà láìfún ara wọn pa. Ṣùgbọ́n nítorí pé oníkẹ̀kẹ́ kì í dúró pẹ́, ọ̀nà rẹ̀ a máa ṣófo lójú ẹni tí ó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, awakọ̀ a sì máa búra pé kò sí ẹni tí ń gbà á. Títì tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa a máa dà bí èyí tí kò ṣe nǹkan kan.

Oríta ni iṣu ti ń ta

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí títì bá ti fẹ̀ tó ni iye ọkọ̀ tí yóò gbà á kọjá yóò ṣe pọ̀ tó. Àwọn tí ń ṣètò iná ojú pópó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kí títì fẹ̀ títí, bí iná tí ó wà ní òpin rẹ̀ kò bá fún un ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá lọ, iye ọkọ̀ tí ó bá lè kọjá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá náà ni yóò kọjá, àwọn ìyókù a dúró de ìgbà mìíràn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè gba ìlà mọ́tò kan kúrò láàárín títì tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò sì ní mọ̀ ọ́n lára, bí oríta bá ti wà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ó ní ààbò kì í fi oríta sílẹ̀ bí ó ti wà. Bí kẹ̀kẹ́ yóò bá lọ tààrà tí ọkọ̀ yóò sì yà sósì, a ní láti dá àwọn méjèèjì dúró ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bow má baà tún ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tí wọ́n bá fi kún ti oníkẹ̀kẹ́, ara ẹnìkan ni wọ́n ti yọ ọ́: bóyá ti awakọ̀, bóyá ti bọ́ọ̀sì, bóyá ti ẹlẹ́sẹ̀ tí ó fẹ́ dá títì kọjá. Nítorí náà, irọ́ ni ẹni tí ó bá ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kì í dá ọkọ̀ dúró ń pa. Ó ń dá a dúró níbòmíràn, àwọn aláṣẹ tí wọ́n bá sì fi ìyẹn pamọ́ fún ará ìlú ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn ni, nítorí pé awakọ̀ ní aago lọ́wọ́.

Ibo ni mọ́tò gbà lọ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ní ọdún 2002, ọ̀jọ̀gbọ́n Phil Goodwin àti àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Sally Cairns àti Stephen Atkins, kó ìtàn ibi 70 jọ láti orílẹ̀-èdè 11, níbi tí wọ́n ti gba àyè lọ́wọ́ mọ́tò, yálà nítorí bọ́ọ̀sì, tàbí ẹlẹ́sẹ̀, tàbí afárá tí wọ́n ń tún ṣe. Gbogbo ènìyàn ń retí pé ọkọ̀ tí kò bá rí ibí gbà yóò dà sí ọ̀hún, tí ọ̀hún yóò sì dí pa. Ohun tí wọ́n rí ni pé, ní ìdajì àwọn ibi náà, ìrìn ọkọ̀ ní gbogbo agbègbè, pẹ̀lú àwọn títì ìtòsí, fi ohun tí ó ju ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Àwọn ọkọ̀ náà kò sọnù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà ni. Ẹni tí ń jáde ní aago mẹ́jọ jáde ní aago méje. Ẹni tí ń lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ so ìrìn méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó ti fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin tẹ́lẹ̀ wáá wọ̀ ọ́ wàyí. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ríran: kì í ṣe ibi gbogbo ni ó ti rí bẹ́ẹ̀, àwọn awakọ̀ kan sì ń yà gba àdúgbò àwọn ẹlòmíràn kọjá, tí ọmọ kékeré tí ń ṣeré níwájú ilé yóò fi máa gbọ́ ìró ọkọ̀ tí kò gbọ́ rí.

Ẹni tí ó fẹ́ gùn ún tí ẹ̀rù ń bà

Ní ọdún 2006, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú Portland ní Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Roger Geller pín àwọn ará ìlú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin nípa ti kẹ̀kẹ́. Àwọn akíkanjú tí ń gùn ún láàárín tírélà láìfòyà kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ó wù láti gùn, tí ìbẹ̀rù kò jẹ́, tó bí ìdá 60. Àwọn ìdá 60 yìí ni òkúta etí ọ̀nà wà fún. Akíkanjú kò nílò rẹ̀, ọ̀dà kò sì tan ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó ń gbé ní Peckham, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn, ojú ọ̀nà tí ó sì ti kọ́ ọ ni èyí tí ó ti iwájú ilé ìkàwé Peckham lọ sí ọgbà Burgess, níbi tí odò àfọwọ́gbẹ́ Surrey ń ṣàn gbà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dí i tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Mọ́tò kò dé ibẹ̀. Ó ní bí ọ̀nà òun láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn bá ti ní òkúta, òun á gùn ún; ibi tí ó bá ti ku ọ̀dà nìkan, òun á sọ̀ kalẹ̀, òun á sì máa tì í lọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ nílé, ohun tí màmá kọ́kọ́ sọ lórí fóònù ni pé, “Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan tí ẹ ń fi pamọ́ fún mi? Ṣé ọkọ rẹ ti ta mọ́tò ni?”

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ìyá yà wá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ayé yí. Nígbà tí kòkó ń pa owó, ẹni tí ó ra Raleigh, tí wọ́n ṣe ní Nottingham, kì í jẹ́ kí eruku bà á: yóò fi òróró nù ún, yóò fi aṣọ bò ó nínú yàrá tí òun tìkára rẹ̀ ń sùn. Kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹṣin irin tí kì í jẹ koríko, arìn-gẹ̀rẹ̀-lójú-ọ̀tá, oyè ni lọ́jọ́ náà. Mọ́tò ni ó dé tí ó sọ ọ́ di ti mẹ́kúnnù, ojú yẹn ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa sì gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí London.

Àwọn tí ó ni lára

Ọmọ Yorùbá tí ń wa ọkọ̀ èrò ní London pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ń gbé ní Camberwell, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà láìbínú: “Ẹ̀gbọ́n, àkókò ni owó wa. Bí mo bá dúró síbi iná lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọjá, èrò kan ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò san án padà.” Ó tún béèrè ohun tí ó yẹ kí àwọn elétò dáhùn: àwọn obìnrin tí ń lọ gbá ọ́fíìsì ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí bọ́ọ̀sì ni ẹsẹ̀ wọn, ta ni ó ka ìdúró tiwọn? Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì. Bọ́ọ̀sì kan lè gbé ju ọgọ́ta ènìyàn lọ, bí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bá sì ṣe é tí bọ́ọ̀sì fi ń falẹ̀, àǹfààní tí ó wà nínú rẹ̀ ti ń jò lábẹ́. Ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa, ìlà mọ́tò ni wọ́n gbà, wọn kò fọwọ́ kan ìlà bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀dùn àwọn afọ́jú tún jinlẹ̀ ju ti awakọ̀ lọ. Kí kẹ̀kẹ́ má baà bọ́ sábẹ́ bọ́ọ̀sì, wọ́n yọ ibùdó bọ́ọ̀sì sọ́tọ̀ sórí pèpéle kan láàárín títì àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́, tí èrò yóò fi dá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kọjá kí ó tó wọkọ̀. Ẹni tí ó ríran a wo ọ̀tún, a wo òsì. Ẹni tí kò ríran etí ni ó fi ń wo ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ kò sì ní ohùn. Wọ́n kun ìlà ẹlẹ́sẹ̀ síbẹ̀ kí oníkẹ̀kẹ́ lè dúró. Àwọn kan ń dúró, àwọn kan kì í dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan kì í ka iná pupa sí rárá. Oníkẹ̀kẹ́ tí ń pariwo ààbò fún ara rẹ̀ tí ó sì ń gba iwájú afọ́jú kọjá lójijì, mi ò mọ ohun tí yóò wí fún awakọ̀ tírélà.

Pósí ní Walthamstow

Ní àríwá ìlà-oòrùn London, ìjọba ìbílẹ̀ Waltham Forest gba mílíọ̀nù 27 pọ́n-ùn ní ọdún 2014 láti ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti láti dí àwọn òpópó kan mọ́ ọkọ̀ tí ń gba àárín ilé kọjá. Ní ọdún kejì, àwọn tí kò fẹ́ ẹ gbé pósí jáde sójú títì Walthamstow, wọ́n ní òkú ìṣòwò àdúgbò ni àwọn ń gbé lọ sin. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Westminster, tí Rachel Aldred ṣíwájú wọn, wáá ń tọ àwọn ará ibẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n rí i pé ẹni tí ń gbé níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ náà gidigidi ń fi ìṣẹ́jú 41 rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ lọ́sẹ̀ ju ti àwọn ibi tí wọn kò fọwọ́ kàn lọ. Ìṣẹ́jú 32 nínú 41 yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Ọ̀nà tí wọ́n ní ti kẹ̀kẹ́ ni, ẹlẹ́sẹ̀ ni ó jẹ èrè rẹ̀ jù, kò sì sí ẹni tí ó gbé pósí nítorí ìyẹn.

Àìrìnpọ̀ ejò

Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ìjọba ìbílẹ̀ Kensington àti Chelsea to àwọn òpó kéékèèké sí etí Kensington High Street láti fi ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje péré ni ó lò. Ní oṣù kejìlá wọ́n fà wọ́n tu. Ẹ̀bìtì tí kò pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn: ohun tí àwọn tí ó tu ú sọ nìyẹn ní ṣókí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bìtì wo ni ó ń pa eku ní ọ̀sẹ̀ méje, tí kò ti ibì kan wá, tí kò sì so mọ́ ibì kankan?

Ìlú Seville ní ilẹ̀ Sípéènì gba ọ̀nà mìíràn. Láàárín bí ọdún mẹ́rin láti ọdún 2006, wọ́n fa ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí kò ju kìlómítà 12 lọ dé bí 120, wọ́n sì jẹ́ kí ó so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ó gbéra nílé lè dé ibi iṣẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀nà já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìrìn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń kà ní bí 6,000 lójúmọ́ gòkè dé bí 70,000, ní ìlú tí oòrùn rẹ̀ kò kẹ̀rẹ̀ sí ti Ìbàdàn, tí gbogbo ènìyàn sì ti ń sọ pé kẹ̀kẹ́ kò bá àṣà àwọn mu. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Wọ́n kọ́ ọ pọ̀, wọ́n sì tètè kọ́ ọ kí àwọn tí ń bínú tó rí àyè bá a jẹ́.

Ohun tí Èkó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ẹ jẹ́ kí ó rántí oṣù kẹta ọdún 2008, nígbà tí LAMATA, àjọ ìrìnnà Èkó, ṣí ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ti bọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà ni: ta ni ó ni títì, kí sì ni yóò là á? Bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà náà ni wọ́n fi òkúta kọnkéré là kúrò lára àwọn ọkọ̀ yòókù. Bí ìdá 20, ọ̀dà lásán ni wọ́n kùn sí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì náà ní ìrọ̀lẹ́ mọ ibi tí òkúta parí sí láìjẹ́ pé ó yọjú wo fèrèsé, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni dánfó ti ń já wọlé.